Eérú Ọjọ́ Iléyá

Kò sí ọmọ Yorùbá tí à ń jókòó tì ká tó túmọ̀ “Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀” fún. Ẹni tó ṣe é ni yóò rí i, ó tán. Àmọ́ ó jọ pé òwe yìí kò tíì dé àwọn òpópónà tó yí Ọjà Ládìpọ̀ ní Muṣin ká lọ́jọ́ Iléyá. Níbẹ̀, ẹni tó da eérú ń jẹ ẹran nílé rẹ̀. Ẹni tó sá aṣọ ni eérú ń tọ̀, pẹ̀lú abiyamọ tó ṣí fèrèsé àti bàbá tí ikọ́ fée ń ṣe.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n á ti Yídì dé, wọ́n á dúńbú àgbò. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ń gba iṣẹ́ wíwi orí àti ẹsẹ̀ ẹran ti gbé àgbá tí wọ́n là sí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Iléyá ọdún 2024 bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ti 2025 sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà: ìgbà òjò gan-an. Igi tutù, èédú gbówó lórí, táyà tó ti kú sì wà lọ́dọ̀ fọkanáísà lọ́fẹ̀ẹ́. Ni wọ́n bá tì í bọná. Kò pẹ́ kò jìnnà, èéfín dúdú á gorí òrùlé, aṣọ funfun tí wọ́n wọ lọ kírun á ti kún fún èérí. Bí iná bá kú tán, wáyà irin inú táyà á wà nílẹ̀ lórí ọ̀dà títì bí ẹ̀gún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àkọ́kọ́ tó bá gùn ún ni yóò padà lọ bá fọkanáísà náà.

Ará ibòmíràn lè ní òun kò mọ ohun tó wà nínú táyà. Ta ni yóò gba ìyẹn lẹ́nu ará Ládìpọ̀? Ẹ̀yà ara mọ́tò ni oúnjẹ òòjọ́ ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé rọ́bà nìkan kọ́ ni táyà: irin wà nínú rẹ̀, imí ọjọ́ wà níbẹ̀, epo inú ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bó bá ń jó, ó ń tú àwọn èròjà bíi benzene àti dioxin síta, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha orí àgbò, dúdú tó hàn síta nìkan ló ń ha kúrò. Èyí tó ti wọ awọ àti ọ̀rá, ó di inú ìkòkò ọbẹ̀.

“Ṣé PSP ń wá ni?” Èsì tó máa ń kọ́kọ́ jáde nìyẹn. Lóòótọ́, ọkọ̀ PSP, ìyẹn àwọn aládàáni tí LAWMA, àjọ tó ń rí sí ìdọ̀tí l'Ékòó, fi sídìí ilẹ̀ kíkó, a máa falẹ̀, pàápàá lásìkò ọdún. Ṣùgbọ́n PSP kọ́ ló ní kí ẹnikẹ́ni fi táyà dáná. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kì í ṣe eérú Iléyá nìkan ló ń tọ aláìṣẹ̀. Lọ́dún 2023, ìjọba Èkó ti Ọjà Ládìpọ̀ pa nítorí ìdọ̀tí. Ẹni tó ń da ilẹ̀ sí gọ́tà kò rí ṣọ́ọ̀bù ṣí. Ẹni tó ń san owó ilẹ̀ kíkó rẹ̀ déédéé náà kò rí i ṣí. Nígbà tí ààtàn Olúsosùn l'Ọ́jọ́ta gbiná ní oṣù kẹta ọdún 2018, gbogbo Èkó ló ti ń da ilẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Ọjọ́ta àti Kétu ló fa èéfín rẹ̀ símú.

Àwọn kan kì í fọwọ́ kan táyà, èédú ni wọ́n ń lò. Wọ́n kú iṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n má da eérú náà sínú ike ìdọ̀tí lálẹ́ ọjọ́ ọdún. Ẹ̀yinná lè wà láàyè lábẹ́ eérú di ọjọ́ kejì, ó lè yọ́ ike, ó sì lè ràn mọ́ ìdọ̀tí nínú ọkọ̀ akólẹ̀. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù sí i. Bí òjò bá sì dé, kí ẹnikẹ́ni má gbé àgbá èédú wọ pálọ̀: gáàsì tó ń jáde lára èédú kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ti ẹ̀gbin inú àgbò tí wọ́n ń dà sí gọ́tà, àgbàrá ń dá a padà sẹ́nu ọ̀nà onílé.

Ẹni tó bá ń retí kí eérú tọ ẹni tó dà á, á retí títí. Òwe tó bá Ládìpọ̀ mu ni pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn tó ń kírun kò sì lè ní ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí àwọn, hádíìsì ti ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) tó lè gba owó tránsfọ́mà lọ́wọ́ onílé àti ayálégbé, tó sì lè ti géètì àdúgbò lóru, kò lè ní ọ̀rọ̀ táyà ju agbára òun lọ. Kí àwọn alága kéde rẹ̀ kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé: omi gbígbóná ni kí wọ́n fi bó irun àgbò, tàbí kí wọ́n fi èédú tàbí gáàsì wi í. Ẹni tó bá fi táyà dáná, kí wọ́n bu omi pa iná rẹ̀, kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi owó náà san PSP.