Sunny Adé àti Ẹ̀rọ Ìlù: Ẹ Jẹ́ Ká Tún Àwo Aura Gbọ́

Bí èèyàn bá dé ibi ìkómọ ní Lálúpọn tàbí ìsìnkú àgbà ní Àkànrán ní ọjọ́ Sátidé, ohun tó máa bá níbẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Olórin kan wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, onígángan kan dúró tì í, sípíkà ràgàjì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé kí ariwo rẹ̀ má baà bo orin mọ́lẹ̀. Olórin tẹ bọ́tìnì kan, ìlù bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fọwọ́ kan awọ. Onígángan á kọ́kọ́ tẹ́tí sí i, á wá ibi tí yóò gbà wọlé, ká tó ṣẹ́jú, ó ti ń ki bàbá olóde. Owó á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ níwájú orí. Kò sì sí àgbàlagbà kan tó máa dìde pé wọ́n ti ba orin Yorùbá jẹ́.

King Sunny Adé ti gbé ẹ̀rọ ìlù àti gángan pàdé ara wọn fún gbogbo ayé láti gbọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó yani lẹ́nu pé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi orin rẹ̀ ṣayẹyẹ, iṣẹ́ náà ti di àgbàgbé.

Ọmọ ọba Oǹdó ni Sunny, Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946. Ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, ló ti kúrò ní 1967 láti dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló padà di African Beats. Nígbà tí Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ilé iṣẹ́ Island ti Chris Blackwell, tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ń wá olórin ilẹ̀ òkèèrè mìíràn tí ayé máa gbà. Sunny ni wọ́n rí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bójú tó gbígba orin náà sílẹ̀: Juju Music jáde ní 1982, Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, Aura sì dé ní 1984.

Bí àwọn àwo náà ṣe ń jáde ni ọwọ́ ẹ̀rọ ń le sí i. Nígbà tó fi máa di Aura, synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù ti gba iwájú. Ẹ gbọ́ “Ase”, tí Stevie Wonder fọn hamóníkà sí. Ẹ̀rọ ń lù lójú kan ṣoṣo, kì í yára, kì í rẹ̀ ẹ́. Gángan kò bá a jà. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń já wọlé níbi téèyàn ò fojú sí, bẹ́ẹ̀ ni gìtá ń lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́. Ohùn Sunny wà lókè wọn ní pẹ̀lẹ́tù, bíi pé kò sóhun tó yí padà. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀.

Àwọn tó ń pín ẹ̀bùn Grammy ló wá dá ẹ̀rín sílẹ̀. Ní 1984, wọ́n yan Synchro System, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀, mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn orin ìbílẹ̀. Clifton Chenier, ọmọ Louisiana tó ń fi àkọ́díọ̀nù kọrin, ló gbà á.

Wọn ò sì jẹ̀bi pátápátá. Ìgbà wo ni jùjú tí Sunny ń kọ ò gba àlejò rí? Gángan tí à ń pè ní ẹ̀mí jùjú lónìí, nǹkan bíi 1948 ni Àkànbí Ẹ̀gẹ̀ mú un wọ inú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Àyìndé Bákàrè fi so gìtá mọ́ iná. I.K. Dáíró gbé àkọ́díọ̀nù dé. Nínú African Beats fúnra rẹ̀, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta gìtá onírin táwọn olórin oko Amẹ́ríkà ń lò. Ẹni tó bá gba gbogbo ìwọ̀nyí, tó wá ní ẹ̀rọ ìlù nìkan ni èèwọ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí, àwọn tó gé orin náà kúrú ni. Nílé níbí, ojú kan àwo Sunny lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dúró, nítorí pé oríkì ń bí oríkì, olówó kan ń dé lẹ́yìn èkejì. Ti òkèèrè ní láti bẹ̀rẹ̀ kó sì parí kíákíá. Wọ́n yọ agbo kúrò lára orin, ẹ̀rọ la wá ń dá lẹ́bi. Aura ò tà tó bí Island ṣe fẹ́, àdéhùn wọn tú ká, African Beats náà fọ́ ní àkókò yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé orin ọ̀hún ni kò dáa.

Ó dáa. Amúlùdùn FM wà ní Mọ́níyà níbẹ̀, rédíò àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé àti Lágelú ń gbé e. Kí àwọn atọ́kùn ètò ibẹ̀ fi “Ase” sáfẹ́fẹ́ tán pátá, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ sí i láàárín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó orin sórí mẹ́mọ́rì fún àwọn èèyàn lọ́jà, ẹ fi Aura kún ti Sunny tí ẹ ń kó. Orin mẹ́fà péré ni, kò sì tó wákàtí kan.