Ẹ Jẹ́ Kí Ayùn Ẹ̀rọ Ní Nọ́ńbà Bí Ọkọ̀

Awakọ̀ tí ó bá gbé lọ́rì tí kò ní nọ́ńbà jáde kò ní í rìn jìnnà kí ọlọ́pàá tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lówó lọ́wọ́ lè ra ayùn ẹ̀rọ, kí ó gbé e wọ igbó ọba lóru, láìsí ẹni tí yóò bi í pé ta ni ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwa ni a ń wa lọ́rì gẹdú. Àwa ni a ń la pákó, àwa náà ni a ń fi í kan àga àti ilẹ̀kùn. Bí igbó bá tán, iṣẹ́ tán.

Láyé àtijọ́, àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni àwọn agégi ń lò, ìrókò ńlá kì í sì í wó kíákíá. Lónìí, ayùn ẹ̀rọ a máa gé e kí oúnjẹ àárọ̀ tó jiná. Ẹ wo igbó ọba Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1925 ni ìjọba òyìnbó yà á sọ́tọ̀; ní 1977 ni àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Erin ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn agégi tí kò gbàṣẹ kò yé wọ inú rẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nínú iṣẹ́ gẹdú. Láti ayé òyìnbó ni oníṣòwò gẹdú ti ní láti forúkọ òòlù rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a fi ń lu àmì sí ìdí igi kí a lè mọ olówó rẹ̀. Òòlù kò gé igi rí. Bí òòlù tí ń sàmì bá níwèé, kí ló dé tí ayùn tí ń gé igi kò fi ní?

Àwọn kan ní kí ìjọba kúkú fòfin dè é pátápátá. A kò fara mọ́ ọn. Ní 1998, orílẹ̀-èdè Ghana fòfin de fífi ayùn ẹ̀rọ la pákó fún títà. Pákó náà kò kúrò lọ́jà. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbà wọlé, nítorí pé ará ìlú ń wá pákó tí owó rẹ̀ rọjú. Ọ̀nà mìíràn ni orílẹ̀-èdè Philippines gbà ní 2002. Òfin wọn ní kí ẹni tí ó ní ayùn ẹ̀rọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ń tà á gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá lò ó láìgbàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tí ó ju ọdún 6 lọ.

Ní tiwa, ọ̀dọ̀ olówó ni kí òfin ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú ènìyàn, ọmọ tí ń gba owó òòjọ́ ni, tàbí awakọ̀ tí ó ru pákó. Ẹni tí ó ni ayùn wà nílé tirẹ̀. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, a ń béèrè nǹkan mẹ́rin:
1. Kí ayùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní orúkọ ẹni tí ó ni ín, kí owó ìwé náà má sì ju agbára mẹ̀kúnnù lọ.
2. Kí ẹni tí ń tà á máa kọ orúkọ olùrà sílẹ̀.
3. Kí olówó ayùn kọ́kọ́ jẹ́jọ́, kí a tó kan alágbàṣe.
4. Kí owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa dé lásìkò. Ẹ̀ṣọ́ tí ebi ń pa kò lè ṣọ́ ìrókò.

Ó ku tiwa. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe ru gẹdú tí kò ní àmì òòlù àti ìwé. A mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ ẹrù lè pàdánù owó ọjọ́ náà, tàbí iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ìdí nìyí tí a óò fi gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa pé kí ẹgbẹ́ dúró ti irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. A kò sì gbọdọ̀ fi òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ó máa dá ìjà yìí jà.