Ìràwọ̀ Já, Rédíò Fọhùn

Nígbà tí ẹ̀rọ rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa fún un ní orúkọ tí ó bá a mu: wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa ni a mọ ohùn rẹ̀, a sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá gbé rédíò kékeré lọ sí oko lẹ́yìn òkè yóò ti rí i pé bí òkè bá ti dí ojú ọ̀nà, ohùn FM a bẹ̀rẹ̀ sí í há, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Ìgbì FM kì í yípo òkè; ojú ọ̀nà tààrà ni ó ń tọ̀. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ rédíò Adó kò fi lè dé Abidjan, tí ti Abidjan pẹ̀lú kò sì lè dé Ìkẹ́rẹ́.

Síbẹ̀, ohun tí a mú wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí ni pé àwọn òru kan wà láàárín ọdún tí ohùn láti Abidjan, tí ó jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́ ju 1,000 kìlómítà lọ, lè wọ inú rédíò kékeré fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, kí ó sì tún parẹ́. Ohun tí ó sì ń gbé ohùn náà wá ni ìràwọ̀ tí ń já bọ́. Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni a ń pa. Ẹ fara balẹ̀ kí a jọ tú u wò.

Ní àkọ́kọ́, ohun tí a ń pè ní ìràwọ̀ tí ń já kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Àwọn ìràwọ̀ tòótọ́ wà ní àyè wọn, kò sí èyí tí ó kúrò lójú ọ̀run. Wóró eruku ni èyí tí ń já, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tóbi ju wóró iyanrìn lọ. Ìràwọ̀ onírù ni ó tú púpọ̀ nínú wọn dà sílẹ̀ bí ó ti ń yí oòrùn ká, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé yanrìn ti í máa dà á sílẹ̀ lójú títì. Nígbà tí ayé wa bá la ibi tí eruku náà wà kọjá, wóró wọ̀nyí a já wọ inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú eré tí ó wà láàárín kìlómítà 11 àti 72 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Eré náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wóró náà fi ń gbóná, tí ó sì ń jóná tán ní òkè réré, ní ìwọ̀n 80 sí 120 kìlómítà sí orí wa. Bí ayé bá bọ́ sí ibi tí eruku náà ti ki, a ń rí púpọ̀ nínú wọn lóru kan náà, èyí ni a sì ń pè ní òjò ìràwọ̀.

Báwo wá ni èyí ṣe kan rédíò? Ará Ìkẹ́rẹ́ kò ní ṣòro láti kọ́ lọ́gbọ́n yìí, nítorí pé Olósùnta wà níwájú wọn. Bí ènìyàn bá dúró sí ìsàlẹ̀ àpáta ńlá, tí ó sì ké, ohùn rẹ̀ a kọlu àpáta, a sì padà wá sí etí rẹ̀. Gbohùngbohùn ni èyí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nígbà tí wóró eruku náà bá ń jó, ooru rẹ̀ a fọ́ afẹ́fẹ́ tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi ní agbára ẹlẹ́tíríkì nínú. Okùn afẹ́fẹ́ gígùn yìí, tí kì í pẹ́ tí ó fi ń tú ká, ni ó ń dúró bí àpáta fún ìgbì rédíò. Ìgbì tí ì bá kọjá lọ sí òfuurufú láìpadà a kọlu ú, a sì balẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí pé ó ga tó 100 kìlómítà, ohùn lè gba ibẹ̀ rìn tó 2,000 kìlómítà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, yíyí tí ayé yí yóò fi olùgbọ́ pamọ́.

Kì í ṣe lónìí ni a mọ èyí. Ní ọdún 1929, ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Hantaro Nagaoka, ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìràwọ̀ tí ń já ní ipa lórí ìgbì rédíò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ẹ̀rọ réédà ṣọ́ àwọn ọta V-2 tí Jámánì ń yìn sí London. Ẹ̀rọ náà a máa kígbe pé ọta ń bọ̀ nígbà tí kò sí ọta kankan. Ọ̀gbẹ́ni J. S. Hey ni ó wádìí rẹ̀ títí tí ó fi hàn pé ìràwọ̀ tí ń já ni ó ń dẹ́rù ba ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ogun, Bernard Lovell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó réédà ogun lọ sí Jodrell Bank, wọ́n sì fi ṣọ́ òjò ìràwọ̀ ńlá ti oṣù Kẹwàá ọdún 1946.

Lẹ́yìn àwọn ọ̀mọ̀wé ni àwọn olùfẹ́ rédíò wọlé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn. Ènìyàn bí tiwa ni wọ́n: akọ̀wé, olùkọ́, mẹkáníìkì, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti máa fi ẹ̀rọ ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgba owó. Tiwọn kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé èsì gan-an ni wọ́n ń wá. Ní Nàìjíríà, orúkọ tí ìjọba fi ń dá wọn mọ̀ lójú afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ní Amẹ́ríkà, Paul Wilson tí ó wà ní Tennessee àti Ralph Thomas tí ó wà ní New Jersey gbìyànjú fún ìgbà pípẹ́ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìràwọ̀ tí ń já, lórí ìgbì tí gbogbo ènìyàn rò pé kò lè rìn jìnnà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954, ó bọ́ sí i fún wọn. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ yìí ti ń tàn. Ìjọba Amẹ́ríkà fi í ṣe iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn ẹ̀rọ orí òkè níbi tí kò sí wáyà ń gba ojú ìràwọ̀ jíṣẹ́ bí yìnyín ti pọ̀ tó. Ní ọdún 2001, Joe Taylor, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1993, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún àwọn olùfẹ́ rédíò, èyí tí ń ka ọ̀rọ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ojú ọ̀run tiwa ní ìṣòro tirẹ̀ fún ẹni tí ó ń fi ojú wo ìràwọ̀. Ní oṣù Kẹjọ, kùrukùru òjò ni. Ní oṣù Kejìlá, ọyẹ́ a fi eruku bo ojú sánmà. Ṣùgbọ́n kùrukùru àti ọyẹ́ kò dí rédíò lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kò sì pa á lára. Ohun tí ojú kò rí, etí lè gbọ́ ọ. Àwọn òru tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìwọ̀nyí: ní àyíká ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, àti ọjọ́ 21 mọ́jú ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, eruku ìràwọ̀ onírù Halley ni ó ń já, ìràwọ̀ kan náà tí ó fara hàn ní ọdún 1910 àti 1986, tí yóò sì padà ní ọdún 2061. Ọjọ́ 12 mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ní tirẹ̀. Èyí tí ó sì dára jù lọ fún wa ni ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, nítorí pé ibi tí àwọn ìràwọ̀ náà ti ń já wá a máa ga sókè gan-an lójú ọ̀run Èkìtì ní nǹkan bí agogo méjì òru.

Láti ọ̀gànjọ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó dára láti tẹ́tí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ tí ó ń sáré nínú òjò, gíláàsì iwájú rẹ̀ ni òjò ń lù jù, kì í ṣe ti ẹ̀yìn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, apá tiwa ni ó kọjú sí ibi tí ayé ń sáré lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò kò nílò owó púpọ̀. Kí ó mú rédíò FM tí ó ní ihò áńténà, kí ó sì ge wáyà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 75 sẹ̀ǹtímítà, kí ó nà wọ́n sí ọ̀tún àti òsì. Kí ó wá nọ́mbà kan láàárín 88 àti 108 tí kò sí ilé iṣẹ́ ìtòsí kankan lórí rẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọ́ ohun mìíràn bí kò ṣe híhó bí ẹni pé òjò ń rọ̀ lórí páànù. Kí ó fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, kí ó má baà sùn lọ kí ó pàdánù rẹ̀. Lójijì, híhó náà yóò dáwọ́ dúró, orin tàbí ọ̀rọ̀ yóò ta sí i, yóò sì tún parẹ́. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni, ó lè jẹ́ Abidjan, tàbí Yaoundé tí ó tó 800 kìlómítà, tàbí Ouagadougou tí ó ju 900 lọ. Kí ó kọ ọjọ́, aago àti bí ó ti pẹ́ tó sínú ìwé. Kí ó ṣe bákan náà ní òru tí kò sí òjò ìràwọ̀, nítorí pé a kì í mọ ọjà tí ó kún bí a kò bá mọ èyí tí ó dá.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra, nítorí kì í ṣe gbogbo ohùn àjèjì ni ìràwọ̀ gbé wá. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná lè lé orí èyí tí ó tutù, kí ó sì gbé ohùn wá láti ọ̀nà jíjìn fún wákàtí púpọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú lè dá ohùn padà, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ a máa lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Ti ìràwọ̀ a máa dé lójijì, a sì máa lọ kíákíá.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ìwúlò gbogbo èyí fún ẹni tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́? Ẹ rántí òru Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàù ńlá kan ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa. Ilé wó, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn bàjẹ́, ihò ńlá sì là sáàárín títì. Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, sọ pé ohun ìbúgbàù tí ọkọ̀ kan ń gbé kọjá ni ó fà á. Ọ̀mọ̀wé kan láti yunifásítì Ifẹ̀ ní òkúta láti ojú ọ̀run ni ó já síbẹ̀. Àwọn tí ilé wọn wó dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta ọ̀run kì í ṣe ohun àìgbọ́rí ní ilẹ̀ wa: ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, òkúta tí ó wọn tó 18 kílò já sí ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀ kan nínú oko rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Kàtsínà, àwọn onímọ̀ sì fi hàn lẹ́yìn náà pé láti ayé kejì tí a ń pè ní Mars ni ó ti wá.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ní ọ̀gànjọ́ òru, ta ni ojú rẹ̀ là? Òkúta tí ó bá tóbi tó láti gbẹ́ títì yóò fi okùn ńlá sílẹ̀ lójú ọ̀run, gbohùngbohùn rẹ̀ yóò sì pẹ́ ju ti wóró iyanrìn lọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá bá wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré, Ìbàdàn àti Benin tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ lóru, tí wọ́n sì ń kọ aago rẹ̀ sínú ìwé, ìwé wọn kì í ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni. A ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ní wákàtí náà, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohun kan? Bí gbogbo wọn bá gbọ́ ọ, tàbí bí ẹnì kankan kò bá gbọ́ ọ, ó tó kí aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wó mọ ibi tí yóò kọjú ìbéèrè rẹ̀ sí. Bí J. S. Hey ti ṣe nìyẹn: ó kọ́kọ́ wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìràwọ̀ bá já, àwọn kan a ní ènìyàn ńlá kan ti kú. Ẹni tí ó ti ka gbohùngbohùn ogójì láàárín òru kan kò ní bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bẹ̀ yín fún wáyà àti rédíò àtijọ́, ẹ má ṣe lé e. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò na wáyà sí ẹ̀bá òpó iná, kí ó má sì fọwọ́ kàn án nígbà tí àrá bá ń sán, nítorí pé mànàmáná kì í mọ ọmọ ẹni. Ẹ jẹ́ kí ó yan òru tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọjá gbígbọ́, tí ó fẹ́ fọhùn fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Oṣù Kejìlá kò ní pẹ́ dé. Ẹ fi wáyà yín sí àyè, ẹ wá nọ́mbà tí ó dákẹ́, kí ẹ sì ní ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kọ àkọsílẹ̀ òru mẹ́ta tọkàntọkàn ti ní ohun tí ó lè fi han olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ará ìlú rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.