Kí a tó kó owó kájú lé kọ̀ǹpútà géèmù

Ọ̀rọ̀ owó ilé la mú wá lónìí. Nígbà tí a bá ta kájú tán, tí owó díẹ̀ wọlé, ẹ̀bẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ti dàgbà ń gbé wá síwájú àwọn òbí wọn: kí wọ́n bá wọn ra kọ̀ǹpútà alágbèéká alágbára, irú èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù, fídíò àti orin. Àwọn òbí á wá bi àwa olùkọ́ léèrè bóyá owó náà kò ní ṣòfò.

Àwọn bàbá kan ní nǹkan ìṣeré ni, pé ọmọ tó bá ra á ti kọ oko sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ní irinṣẹ́ ni, pé ẹni tó bá ti ní i ti rí iṣẹ́ nìyẹn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tíì pé. Irinṣẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń sáré nínú ilé ìtajà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Cotonou tàbí ní Ikeja lè di ẹrù lásán nínú yàrá onípáànù ní Tchaourou. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tiwa náà ló yẹ ká wò kí a tó sọ pé kọ̀ǹpútà kan dára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn bàbá lóhùn. Ohun tó mú kọ̀ǹpútà géèmù yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ni káàdì àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ káàdì yìí ni láti ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè máa ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ní ọgọ́ta ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ìṣirò kan náà ni a nílò láti to fídíò ìgbéyàwó pọ̀, láti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, àti láti ṣe fíìmù àwòrán. Ní 2016, Kiro'o Games tó wà ní Yaoundé gbé géèmù Aurion jáde. Àwọn ọmọ Kamẹrúùnù tó ń sọ Faransé bíi tiwa ló ṣe é, ìtàn tí wọ́n fa yọ láti inú àṣà Áfíríkà ló sì wà nínú rẹ̀. Ní 2024, Kugali, ilé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Uganda dá sílẹ̀, bá Disney ṣe Iwájú, fíìmù àwòrán nípa Èkó ọjọ́ iwájú, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ èdè wa. Ní 2025, Flow, fíìmù láti Latvia, gba ẹ̀bùn Oscar. Blender ni wọ́n fi ṣe é, ètò tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má torí pé ẹ gbọ́ "géèmù" kí ẹ lé ọmọ padà.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ wo owó. Nígbà tí Nvidia gbé káàdì RTX 4050, 4060 àti 4070 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n kéde pé kọ̀ǹpútà tó bá ní wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti 999 dọ́là. Ní sẹfà, ìyẹn tó nǹkan bí 600,000 nígbà náà, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52,000 sẹfà. Owó oṣù mọ́kànlá àti ààbọ̀ nìyẹn, bí ẹni náà kò bá jẹ, tí kò sì mu. Ẹni tó fẹ́ kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò.

Ooru ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé kọ̀ǹpútà wọn pé kí ooru ibi tí a ti ń lò ó má kọjá ìwọ̀n 35. Ní oṣù kẹta níhìn-ín, lábẹ́ páànù, ní agogo méjì ọ̀sán, a ti kọjá ibẹ̀. Bí ọkàn kọ̀ǹpútà bá sì gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 95 sí 100, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín eré kù kó má baà bàjẹ́. Ẹni tó sanwó ẹ̀rọ alágbára yóò wá máa lo èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún dán an wò, ẹ má sì dán an wò ní alẹ́. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Ẹ so ó mọ́ iná, ẹ jẹ́ kó gbé géèmù tó wúwo tàbí fídíò gígùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa wo HWiNFO, ètò ọ̀fẹ́ tó ń fi ooru àti eré hàn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ bí ẹṣin, tó parí bí ìgbín, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Eruku ni èkejì. Fáànù kọ̀ǹpútà géèmù ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, gbogbo wa la sì mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tú láìba nǹkan jẹ́, kí ẹ lè máa nu fáànù náà. Ẹ má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí orí aṣọ tó máa dí i ní imú. Orí tábìlì ni ipò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni agbára káàdì àwòrán, nítorí pé orúkọ kan náà lè ní agbára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. RTX 4060 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lè fún un ní wáàtì 35, wọ́n sì lè fún un ní 115. Ó dà bí alùpùpù méjì tó jọra, tí wọ́n wá dín ọ̀nà epo ọ̀kan kù. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kò ní sọ èyí fún yín. Ẹ ṣí NVIDIA Control Panel, ẹ tẹ System Information, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Maximum Graphics Power sí. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni ẹ fẹ́ rà, kì í ṣe orúkọ.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ṣájà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí jẹ́ wáàtì 180 sí 230. Páànẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tó ń tan gílóòbù, tó sì ń fi iná sínú fóònù, kò lè gbé e. Ẹ má sì gbójú lé bátìrì. Òfin ọkọ̀ òfuurufú kò jẹ́ kí èrò gbé bátìrì tó ju 100 wáàtì-wákàtí lọ láìgba àyè, torí náà àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kì í kọjá ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 100 lórí iṣẹ́ tó wúwo, bátìrì tó tóbi jù náà kò lè kọjá wákàtí kan. Àwọn kan á ní ṣebí kọ̀ǹpútà orí tábìlì dára jù nígbà náà, pé owó kan náà máa ń ra agbára tó pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, iṣẹ́ tí a kò tíì tọ́jú sórí èyí ti orí tábìlì ti lọ nìyẹn, àyàfi bí a bá ra bátìrì ìrànlọ́wọ́ sí i. Alágbèéká á fún yín láyè láti tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ tó pa á. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ rà á ní Computer Village ní Ikeja, ẹ mọ̀ pé orí ṣájà ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun, kò lè wọ ihò iná tiwa níhìn-ín. Bí wọ́n bá ti kọ 100–240 V sára ṣájà, iná wa kò ní bà á jẹ́. Orí mìíràn nìkan ló kù tí ẹ máa rà. Lẹ́tà orí bọ́tìnnì rẹ̀ náà yóò jẹ́ QWERTY, kì í ṣe AZERTY tí a fi kọ́ wa. Ẹ lè yí ìyẹn padà nínú ètò láìná kọ́bọ̀, bí ojú yín bá lè fara da lẹ́tà tí kò sí ní ipò rẹ̀. Ohun tó ṣòro jù ni ẹ̀rí àtúnṣe. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, ní ìlú wo, ta ni yóò sì san owó ọkọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀karùn-ún ni ojú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ sì ni géèmù àti fídíò ti ya ara wọn. Wọ́n á fi 144 Hz polówó fún yín, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ń tún àwòrán yà ní ìgbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dùn fún géèmù, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni olùto fídíò nílò. Bí ẹ bá rí 45% NTSC nínú ìwé rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò pé. Ẹ máa rí aṣọ ìyàwó bíi pé ó ti ṣá, ẹ máa fi kún àwọ̀ rẹ̀, nígbà tí oníǹkan bá wá wò ó lórí fóònù tirẹ̀, yóò béèrè pé aṣọ ta nìyí. Ẹni tó fẹ́ fi fídíò jẹun, kó wá èyí tí wọ́n kọ 100% sRGB sí.

Ẹ̀kẹfà ni ti àlòkù. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta irú ìyẹn bí ẹní ń ta tuntun. Ẹ fi CrystalDiskInfo, òun náà ọ̀fẹ́, wo ìlera SSD rẹ̀. Kí RAM rẹ̀ tó 16 GB, tàbí kó ní àyè tí ẹ lè fi kún un.

Ní gbogbo èyí, ìbéèrè kan ló ṣíwájú: iṣẹ́ wo? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọmọ tó ń lọ ka òfin ní yunifásítì Parakou kò nílò káàdì géèmù rárá. Ẹni tó ń to fídíò ìgbéyàwó ní ìwọ̀n HD lè fi GTX 1650 ti 2019 ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó ń ṣe fíìmù àwòrán pẹ̀lú Blender, tàbí tó ń to fídíò 4K, ni ẹni tí a lè sọ pé kó wá RTX 4060. Ẹni tó kàn fẹ́ ṣe géèmù kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kó fi owó tirẹ̀ rà á, kì í ṣe owó kájú bàbá rẹ̀.

Èrò tiwa nìyí. Bí ọ̀dọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ní iṣẹ́ kan náà lọ́kàn, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí wọ́n dá owó jọ bí a ṣe ń dá èésú, kí wọ́n ra ẹyọ kan tó dára, dípò kí olúkúlùkù ra èyí tí kò tó iṣẹ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú àwọn òbí: ta ló ń lò ó lọ́jọ́ wo, ta ló ń tún un ṣe, mélòó nínú owó iṣẹ́ ló ń padà sínú àpótí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti àjọ̀dún kò tán ní àgbègbè wa. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìlú ní èdè Nágò náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló ń gba ohùn wọn sílẹ̀?

Bí ọmọ bá ra èyí tí kò yẹ, owó nìkan kọ́ ló ń ṣòfò. Ní ọjọ́ tó bá tún sọ fún bàbá rẹ̀ pé irinṣẹ́ kan yóò mówó wọlé, bàbá náà kò ní gbà á gbọ́ mọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sọ́jà: ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọ̀sán gangan dán an wò kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ọjà yín tà, kí kájú ọdún tó ń bọ̀ so dáadáa. Ire o.