"Ẹran Ìgbẹ́" Kì í Ṣe Orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Bí a bá pàtẹ ẹran yíyan lójú títì ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì ọlọ́fà iná, "ẹran ìgbẹ́" nìkan ni a ń pè é. Mo tako ìpè yìí.

Lóru ọjọ́ kan, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ ṣọdẹ nítòsí odò Ọ̀ṣun. Iná kábáàdì wà níwájú orí wọn, ìbọn ṣakabùlà wà léjìká. Ojú méjì tàn yanran nínú òkùnkùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ yìn ín níbọn!" Wọ́n ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?" N kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò yìnbọn. Ewúrẹ́ ará abà kan ni!

Àwọn kan ní ìwé ti gba ìjálá là. Lóòótọ́, Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1966. Ṣùgbọ́n báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe gbádùn oríkì ẹtu, ìgalà àti ọ̀yà, nígbà tí gbogbo wọn ti di ẹran ìgbẹ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ béèrè orúkọ kí ẹ tó béèrè iye owó.