Instagram Kì í Ṣe Àtẹ Iṣẹ́ Ọnà, Agogo Akéde Ni

Bí ẹ bá rìn láti General Gas dé Ojúrin ní Akóbọ̀, kò ní pẹ́ kí ẹ tó bá ọ̀dọ́ kan pàdé tó ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Yóò fi ibisPaint fa ìlà àkọ́kọ́ lórí fóònù, yóò gbé e wọ inú Blender kí ère inú rẹ̀ lè ṣeé yí síwá sẹ́yìn, yóò sì fi Photoshop kùn ún. Bí iṣẹ́ bá parí, ìbéèrè kan ló kù: àtẹ wo lórí ayélujára ló yẹ iṣẹ́ tí áàpù mẹ́ta ṣe? Ìdáhùn tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ń fún un kì í yàtọ̀: "Gbé e sórí Instagram, ó ti tó." Kò tó. Ìmọ̀ràn burúkú ni, owó ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Ẹ wo aládìírẹ ẹlẹ́kọ tó ṣe "Ìbàdàndùn", èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó hàn lára rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ya ọnà, ẹ̀kọ láfún ló fi dí aṣọ, aró ló rẹ ẹ́ sí. Ta ló bi í rí pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ni iṣẹ́? Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti gba inú áàpù mẹ́ta kọjá, àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló yà á. Láti ọdún 2022 tí ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ yàwòrán ti gbòde, ẹ̀sùn yìí ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Oníbàárà tí kò rí ju àwòrán tó ti parí lọ, kí ni yóò fi mọ òótọ́?

Nítorí náà, àtẹ tí ìrìn iṣẹ́ náà ti lè hàn ló yẹ ẹ́. Mo fi ArtStation ṣáájú. Lójú ewé kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ lè to ìlà àkọ́kọ́, ère Blender tí oníbàárà lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí, fídíò, àti àwòrán tó parí. Àyè sì wà láti dárúkọ gbogbo áàpù tí ẹ lò. Àwọn tó ń ṣe géèmù àti fíìmù ló ń na ọjà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ Epic Games ló rà á ní 2021. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìpolówó tàbí èèpo ìwé, kí ó lọ sí Behance, tí Adobe tó ni Photoshop rà ní 2012. Lóòótọ́, Instagram gba kí á to àwòrán púpọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ wọ́n di kékeré, èyí tí ẹ sì gbé síbẹ̀ lánàá ti wọlẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ẹ fi lu agogo, kí ẹ sì júwe ọ̀nà àtẹ gan-an fún àwọn tó bá gbọ́.

Kò sí èyí tó mọ́ pátápátá nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, DeviantArt gbé DreamUp jáde, ó sì kọ́kọ́ fi í sọ́rùn ayàwòrán láti wá sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ òun kọ́ ẹ̀rọ. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n yí i padà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ayàwòrán fi àmì ìfẹ̀hónúhàn bo ArtStation náà. Ẹ ka ìwé àdéhùn. Òfin àṣẹ-ẹ̀tọ́ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 kò lè bá yín ka ohun tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tẹ "mo gbà" sí.

Ọ̀rọ̀ NFT ńkọ́? Osinachi, ọmọ Nàìjíríà, ta àwòrán ní Christie's nílùú London ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Microsoft Word tí a fi ń tẹ lẹ́tà ló sì fi yà wọ́n! Orúkọ áàpù kọ́ ni wọ́n rà. Ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e ni Hic et Nunc ti ilẹ̀kùn. KnownOrigin tí eBay rà ní 2022 kò sì sí mọ́. Ẹ tajà níbẹ̀ bí ẹ bá rí ẹni rà á, ẹ má fi ṣe àká.

Fáìlì Blender àti ti Photoshop tí ìpele rẹ̀ pé, ilé ni kí ó wà, nínú háàdì méjì. Òun ni ẹ̀rí yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí ní Bódìjà àti Akóbọ̀ láti kọ́ wọn ní Photoshop, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń kọ́ wọn bí a ti ń pàtẹ?