Iná Iwájú Ọkọ̀ Ìjàpá

Inú wa dùn sí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, pàápàá Volkswagen tí tẹrútọmọ mọ̀ sí Ìjàpá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó fi owó oṣù rà á nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n iná iwájú rẹ̀ kò tó fún ìrìn òru. Púpọ̀ nínú èyí tí a ṣe ṣáájú 1967, fóòtì mẹ́fà péré ni ó ń lò.

Àwọn kan a sáré ra gílóòbù LED, wọn a sì kì í bọ inú awo iná àtijọ́. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá. Ojú kan pàtó ni a ti ṣírò pé kí iná máa gbé tàn nínú awo náà. Bí ó bá yẹ̀ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a fọ́n káàkiri. Onítọ̀hún a rò pé òun ń ríran, kò mọ̀ pé òun ń fọ́ ẹni tí ń bọ̀ níwájú lójú. Ẹni tí a sì fọ́ lójú lórí afárá tóóró, Ọlọ́run nìkan ni ó kù fún un.

Wáyà ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Inú bọ́tìnnì tí a fi ń tan iná ni gbogbo agbára ń gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Wáyà ti gbó, ìpẹtà sì ti jẹ ibi tí ó gbé kan irin ọkọ̀. Bí ríwáyà tí ó mọṣẹ́ bá fa wáyà nípọn tuntun láti ibi bátìrì, tí ó fi relay àti fíúùsì sí i, gílóòbù àtijọ́ kan náà yóò mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí á tó ronú H4, oníwáàtì 60 àti 55, nínú awo tí a ṣe fún un. Ọkọ̀ olófóòtì mẹ́fà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí méjìlá, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ohun tí ó ká wa lára jù rèé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi ìwakọ̀ ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún ti ọwọ́ ọ̀tún. Awo iná ọkọ̀ tí a ṣe fún ọwọ́ òsì, irú èyí tí ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, etí ọ̀nà ní òsì ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ sí. Lójú ọ̀nà tiwa, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń bọ̀ ni òsì yẹn. Bí ó ti wù kí gílóòbù inú rẹ̀ dára tó, ewu ni. Kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ pààrọ̀ awo náà.

A sì ń rọ àwọn tí ìjọba fi ṣe olùyẹ ọkọ̀ wò pé kí wọ́n máa jẹ́ kí á tan iná sí ara ògiri níwájú wọn, kí wọ́n wo ibi tí ó dé. Bíbéèrè bóyá ó ń tàn nìkan kò tó.